Eré Tí A Rà Tí Kò Di Tiwa

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé eré ìdíje orí ẹ̀rọ kan jáde, tí wọ́n pè ní Riders Republic. Nínú eré yìí, ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, ó lè fi pátákó yọ̀ lórí òjò dídì, ó sì lè wọ aṣọ abìyẹ́ bí àdán kí ó fò láti orí òkè, láìdìde lórí àga rẹ̀. Yosemite, Zion, Bryce Canyon àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń dáàbò bò ni wọ́n so pọ̀ di pápá ìdíje kan ṣoṣo.

Àwọn lámèyítọ́ gba eré náà tọwọ́-tẹsẹ̀. Wọ́n yin ìdíje àjùmọ̀ṣe inú rẹ̀, níbi tí ènìyàn tí ó ju 50 lọ ti lè máa sáré lójú ọ̀nà kan náà lórí ẹ̀rọ PlayStation 5. Ohun tí ọ̀pọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, tí ó dàbí ti àgbàlagbà tí ń fi tipátipá sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

Kò sí àní-àní pé ìyìn náà tọ́. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun kan wà tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Bí eré náà ti jáde, kò ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Bí ilé-iṣẹ́ bá pa ẹ̀rọ tirẹ̀, ọwọ́ olùrà yóò ṣófo.

Èyí kì í ṣe àlá. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ta The Crew, eré ìdíje ọkọ̀, ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, ó pa ẹ̀rọ tí ó gbé eré náà ró, ó ní ọ̀ràn ẹ̀rọ àti ti ìwé àṣẹ ni. Nígbà náà, ẹni tí ó fi owó rà á kò lè ṣe é mọ́ lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun nìkan nínú yàrá rẹ̀.

Ẹni tí ó háyà yàrá ní ìlú onílùú mọ̀ pé ilé onílé ni, ó sì mọ oṣù tí owó rẹ̀ yóò parí. Olùrà The Crew rò pé òun ti kọ́lé, kò mọ̀ pé ayálégbé ni òun.

Ìjọba California ṣe òfin kan ní ọdún 2024, pé kí ẹni tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ sọ fún olùrà gbangba pé àṣẹ ìlò ni ó ń rà. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí ariwo pọ̀, Ubisoft fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà pé òun yóò mú kí The Crew 2 ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí fi hàn pé ohun tí wọ́n sọ di ìṣòro ní àtúnṣe. Ó yẹ kí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ dandan fún gbogbo eré tí a bá tà.

Kí òbí tí ọmọ ń bẹ̀ fún irú eré yìí wádìí kí ó tó sanwó. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyálò kì í yẹni, ohun ẹni ní í bá ni mu.