Ẹ Jẹ́ Ká Jẹ Ẹ̀bọ̀lọ̀ Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Mélòó nínú àwa tí à ń ka Yorùbá ló lè ṣa ẹ̀bọ̀lọ̀ kúrò lára wọ̀rọ̀wọ́?

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, àwa mẹ́rin wọ Maikírà dé Ọjà'ba, a sì fẹsẹ̀ rìn wọ Ọ̀rányàn. Òjò àrọ̀kúrò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Ìyá olóúnjẹ kan ní ká tètè wọlé kí òtútù má pa wá. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, iná igi ń jó, wọ́n ń ro àmàlà lọ́wọ́. Ara wa móoru, ọkàn wa balẹ̀. Àfi bí ọ̀kan nínú wa ṣe wo abọ́ ọbẹ̀, tó ní, “Màmá, tẹ̀tẹ̀ yín yìí mà ń ta sánsán o.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀bọ̀lọ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níléèwé?”

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Yorùbá ni.

Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ àǹkóò fáwẹ́lì nínú ìdánwò, tí a gba máàkì lé lórí! Ó dé iwájú wa, a pè é ní tẹ̀tẹ̀.

Èrò wa rèé: ẹni tó bá ń kọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ máa jẹ oúnjẹ tó bá àsìkò mu. Òjò ló ń mú ẹ̀bọ̀lọ̀ hù. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, ó di ohun àwátì. Ìgbà náà ni àgbálùmọ̀ á wọlé. Àmàlà pàápàá tí à ń jẹ yípo ọdún ní àsìkò tirẹ̀. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á sá a sóòrùn ẹ̀ẹ̀rùn títí á fi di gbodo, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ yìí rí, àkọ́sórí lásán ni gbodo lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó ọkọ̀ dé Ọ̀rányàn ti wọ́n jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, àpò tiwa náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ẹ̀bá odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Tí a ò bá lè lọ, ẹ jẹ́ ká gbé e wá. Nígbà tí a bá tún ń ṣe ọjọ́ àṣà ní ẹ̀ka wa, ká yé fi ìrẹsì díndín ṣe àlejò. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan se ohun kan tó bá àsìkò mu, kí wọ́n gbé ewé rẹ̀ tútù dání, kí wọ́n sì sọ oṣù tó ń jáde.

A ti padà sọ́dọ̀ Màmá. Ká tó jókòó, wọ́n ti na ewé kan sókè: “Kí lèyí?” Àwa mẹ́ta dáhùn pé ẹ̀bọ̀lọ̀. Ẹnì kẹrin ní gbúre.

Ó ṣì kù díẹ̀ kí ọyẹ́ dé. Ẹ bá wa mú un lọ.