Oṣù Kọkànlá Ni À Ń Pa Iná Oṣù Kejì

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Síbẹ̀, ohun tí à ń ṣe ní ọgbà yìí lọ́dọọdún nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí koríko gbẹ, a ó máa wo èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, a ó máa gbọn màjàlà kúrò lára aṣọ tí a sá, a ó sì máa sọ pé, "Wọ́n tún ti ń jó igbó." Àwọn wo ni "wọ́n"?

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná náà kò dúró lọ́ọ̀ọ́kán mọ́. Ó gba ẹ̀yìn ilé ibùgbé wa kọjá, ó sì jó àká bàbá àgbẹ̀ kan tó máa ń ta iṣu fún wa láwìn. Àwa tí a sáré jáde lé ní 40. Àwọn kan gbé garawa omi, àwọn kan já ewé tútù, àwọn yòókù ń wòran. Eérú ni ọkọ̀ panápaná bá. Ká tilẹ̀ ní ó tètè dé, kò sí ọ̀nà tí ì bá gbà wọ inú pápá. A pọ̀, a sì lágbára, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìtìjú ni.

Iná pápá ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ọdún 1929. Wọ́n ń jó ilẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń jó èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún 28, èyí tí iná kò kàn ti di igbó dídí. Èyí tí wọ́n ń jó ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di pápá tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n ń jó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sàn ju ìyẹn lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé koríko ṣì ní omi lára ní oṣù Kọkànlá, nítorí náà iná á rọra rìn nílẹ̀. Bó bá di oṣù Kejì, ohun gbogbo ti gbẹ, iná á gun igi, atẹ́gùn á sì gbé e. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko Kainji fi máa ń dá iná sí apá kan igbó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú.

Iṣẹ́ gidi lèyí. Ṣùgbọ́n bí JAMB bá fún ẹnì kan ní ẹ̀kọ́ nípa igbó, ẹkún ni yóò máa sun, àwa náà a sì máa pè é ní "lọ́yà inú igbó." Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ igbó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1939, òmíràn wà ní Jos, ti ẹranko igbó wà ní New Bussa. Ẹni tó kọ́ nípa ilẹ̀ ayé tàbí kọ̀ǹpútà náà wúlò: sátẹ́láìtì NASA ń fi ibi tí iná wà hàn lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín wákàtí 3.

Ẹnì kan lè ní ìjọba kì í tètè gbani síṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí a gbowó kí a tó ṣiṣẹ́ yìí? Ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa pa iná igbó lé ní 70,000, wọn kì í sì í gba owó oṣù. Wọ́n wà lára àwọn tó kojú iná ọdún 2019 sí 2020, èyí tó pa ènìyàn 33 ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó sún mọ́ iná. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi garawa sáré wọ inú iná.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ọjọ́ Sátidé kan lóṣù Kọkànlá lọ́dọọdún. Kí ẹgbẹ́ wa pe àwọn panápaná àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wá kọ́ wa. Kí a ro ẹ̀yìn ilé ibùgbé wa àti àyíká àká àwọn àgbẹ̀ tó yí wa ká, kí iná má lè rí koríko gbà kọjá. Àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya gbọ́ Haúsá. Kó má jẹ́ ọjà nìkan ni a ó máa fi ná. Ẹ jẹ́ kí a fi bá àgbẹ̀, ọdẹ àti darandaran sọ̀rọ̀. Kí àwa náà sì máa pa iná tí a fi ń sun iṣu níbi àríyá wa kí a tó lọ sùn.

A ń rówó ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ọjọ́ Àṣà. A ó rówó ra àdá àti ọkọ́.

Bàbá oníṣu ṣì ń kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò bi wá ní ohun tí a ṣe lọ́jọ́ tí àká rẹ̀ ń jó. Ẹ jẹ́ kí a ní ohun tí a ó wí kí oṣù Kejì tó tún dé o.