Íntánẹ́ẹ̀tì Méjì Nínú Ilé Kan

Mo yà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Onígbòǹgbò, ní agbègbè Ìkejà. Ó fi àpótí íntánẹ́ẹ̀tì méjì hàn mí, ọ̀kan tí ń lo waya, èkejì tí ń lo káàdì síìmù, pẹ̀lú ẹ̀rọ kẹta tí ó rà láti so wọ́n pọ̀. Ó ní, "Bàbá mi, eré rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì."

Mo ní kí ó gba fáìlì ńlá kan sílẹ̀. Eré ọ̀kan ṣoṣo ni a rí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa pín iṣẹ́ ni. Kì í pa agbára pọ̀. Ọmọ lè wo fíìmù lórí tìhín, kí ìyá rẹ̀ máa ṣe ìpàdé lórí tọ̀hún, ṣùgbọ́n fáìlì kan, ọ̀nà kan ni yóò gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá fẹ́ kí ó gba méjèèjì, àfi kí ẹ̀rọ mìíràn wà ní òdìkejì tí yóò tún un tò pọ̀. Ẹni tí ó ta ọjà náà kò sọ èyí.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo wá bá jà, àṣà wa ni. Àwa ará Èkó ti sọ "ra èkejì" di oògùn gbogboǹṣe. Iná kò dúró, a ra jẹnẹrétọ̀; epo wọ́n, a fi ínfátà tì í. A ń pe èyí ní ọgbọ́n! Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbára lé àwọn okùn wọ̀nyí, òkú méjì ni ó ní nínú yàrá. Equiano, tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò já. Ta ni ó béèrè okùn tí tirẹ̀ ń gbà kí ó tó sanwó?

Fúláàtì mẹ́fà ni ó wà nínú ilé náà. Nígbà tí mo ṣí fóònù mi, orúkọ Wi-Fi mọ́kànlá ni ó yọ sí mi. Àwọn baba wa tí kò ní ju ọkọ́ àti àdá lọ mọ àáró: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Kí ni ó dé tí ará ilé mẹ́fà kò lè da owó jọ, kí wọ́n fa waya gidi kan wọ ọgbà, kí wọ́n sì fi èkejì tí ń gba okùn òkun mìíràn ṣe àdáǹpamọ́? Ẹ ó ní ẹnìkan kò ní í san tirẹ̀. Ṣé kò sí irú rẹ̀ nínú èésú ni? Síbẹ̀ èésú kò kú.

Mo bi ọmọ náà léèrè orúkọ ẹni tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ òun mọ orúkọ Wi-Fi rẹ̀.