Ilé Ijó Kan ní Aberystwyth

Láti ìgbà tí a ti padà dé láti ilẹ̀ Wales, níbi tí a ti lo ọdún kan gbáko gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ti ń fi ẹ̀gàn bi wá léèrè bí òótọ́ ni pé a wọ ilé ijó alẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a wọ̀ ọ́, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èrò tiwa ni pé ohun tí a rí ní òru ọjọ́ náà kan iṣẹ́ tí gbogbo wa ń kọ́ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ó sì kàn án ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí a gbọ́ ní ọ̀sán lọ. Nítorí náà ni a ṣe bẹ Olóòtú kí ó fún wa ní àyè díẹ̀, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa lè ṣe ìdájọ́.

Ìlú kékeré ni Aberystwyth, ní etí òkun, níbi tí ojú irin parí sí. Ní ìgbà òtútù, bí oòrùn bá ń wọ̀, àìmọye ẹyẹ kéékèèké a máa fò yí po lójú ọ̀run bí èéfín kí wọ́n tó wọ abẹ́ afárá tí ó nà wọ inú òkun lọ sùn. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí ẹ óò rẹ́rìn-ín sí: ẹni tí ó bá rin ọ̀nà etí òkun dé òpin ní láti fi ẹsẹ̀ ta irin tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó yí padà. Àwa náà ta á. Kò sí ẹni tí ó rí ìdí rẹ̀ sọ fún wa.

Ní alẹ́ Sátidé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Wales kan tí òun náà ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pè wá jáde. Àwa àti ọmọ Yorùbá méjì mìíràn ni a bá a lọ. Òtútù ń gé ni bí abẹ, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tò sí ẹnu ọ̀nà láìwọ ẹ̀wù òtútù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń ṣe wá bíi pé kí a sáré lọ wá aṣọ ìbora fún wọn. Ẹ̀ṣọ́ méjì tí wọ́n so àmì ìyọ̀ǹda mọ́ apá ń yẹ ìwé olúkúlùkù wò, nítorí ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ra ọtí. Wọ́n wo ti àwọn yòókù fìrí. Wọ́n yí tiwa síwá sẹ́yìn títí ara fi ń ta wá, kí wọ́n tó ní kí a kọjá.

Inú ilé náà kò tóbi ju gbọ̀ngàn ìjẹun wa lọ. Òkùnkùn ni, iná aláràbarà ń ṣẹ́jú, ọtí tí ó ti dà sílẹ̀ sì mú kí bàtà máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fa sìgá ní láti jáde sínú afẹ́fẹ́ òkun, nítorí láti ọdún 2007 ni òfin ti ka sìgá léèwọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Wales. Omi ọsàn ni a mu. A kò ní purọ́ pé gbogbo ohun tí a rí ni ó dára: a rí ọmọkùnrin kan tí ọtí gbé dè sí ìdí ògiri, a sì rí ẹni tí ń sunkún. Fún nǹkan bí wákàtí méjì, orin Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń gbọ́, a sì ti ń wojú ara wa pé kí a máa lọ sùn.

Nígbà náà ni ẹni tí ń yí àwo orin fi ọ̀kan sí i ní èdè Wales. Ẹ̀yin ará, ilé náà yí padà. Àwọn tí ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìrọ̀lẹ́ gbá èjìká ara wọn mú, wọ́n di ojú, wọ́n sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin títí a kò fi gbọ́ ohùn ẹ̀rọ mọ́. Ẹni tí ọtí gbé dè pàápàá dìde. Òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n tún mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ wa wá fi ẹnu sí etí wa, ó kígbe pé kí àwa náà kọ tiwa fún òun gbọ́.

Kí ni a ó kọ? A dá orin òṣùpá kan tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rò pé a mọ̀. Ní ìlà kejì, ọ̀kan gba ọ̀tún, èkejì gba òsì. Ní ìlà kẹta a dákẹ́. Àwa tí a lè ka orin ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá láìmí! Ọ̀rẹ́ wa pàtẹ́wọ́ fún wa. Ó rò pé orin náà ti parí ni.

Lẹ́yìn ijó, a dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń din ànàmọ́ òyìnbó, a sì bi í léèrè bí ó ti ṣe jẹ́ tí èdè wọn fi wà láàyè tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tí ó gbọ́ ọ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará Wales. Dípò èsì, ó sọ fún wa nípa igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ WN sí lára, tí wọ́n ń pè ní Welsh Not. Nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni olùkọ́ ń gbé e kọ́ lọ́rùn. Bí ọmọ náà bá gbọ́ tí ẹlòmíràn sọ ọ́, igi náà a bọ́ sí ọrùn onítọ̀hún. Ẹni tí ó bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń parí ni ó ń jìyà. Kì í sì í ṣe àjèjì ni ó ń gbé e kọ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ náà jẹ́ ọmọ Wales, òbí mìíràn sì fara mọ́ ọn, nítorí wọ́n ní inú Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ wà.

Oúnjẹ ọwọ́ wa kò ṣe é jẹ mọ́. Nígbà ìdánrawò ìkọ́ni wa tí ó ṣáájú ìrìn àjò yìí, a bá paálí kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì kẹta, okùn wà lára rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹni tí ó gbé e kọ́rùn jẹ̀bi fanakúlà. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. A lò ó. Ọmọbìnrin kékeré kan dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tọ̀.” A gbé paálí kọ́ ọ lọ́rùn, a ní kí ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò mọ̀ ọ́n. Ó dúró, ó ń wo ẹnu wa bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yóò jáde láti ibẹ̀, títí omi fi ṣàn sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa pé kíláàsì náà gbọ́ràn.

A mọ ohun tí ẹ óò wí: Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́. Àwa kò sọ pé kí a má kọ́ ọ. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tí ó kọrin ní òru náà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi. Ṣùgbọ́n nínú ìlú kékeré yẹn kan náà, ní 1939, ni Ifan ab Owen Edwards dá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ń fi èdè Wales kọ́ni sílẹ̀. Ọmọ méje péré ni ó wà níbẹ̀, Norah Isaac sì ni olùkọ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1963, àwọn ọ̀dọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn, jókòó sórí afárá Trefechan ní ìlú náà, wọ́n dí ọkọ̀ lọ́nà, nítorí wọ́n fẹ́ kí ilé ẹjọ́ máa fi èdè wọn kọ ìwé ìpẹ̀jọ́. Ibẹ̀ ni àwọn orin inú ilé ijó ti wá. Àwa náà kò sì ṣàìní ẹ̀rí tiwa. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St Stephen's ‘A’ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá tí a fi ń dẹ́rù bà wá.

Ní 2022 ni Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ àwọn tí ó jù wá lọ. Ti paálí wà lọ́wọ́ tiwa, a sì ń fi ìtìjú bẹ gbogbo ẹni tí yóò jáde fún ìdánrawò ìkọ́ni ní sáà yìí pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n tó kọ déètì sára pátákó.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n tún yàn wá sí. Ọmọ náà yóò ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí. A ti lọ bá ìyá àgbà kan ní ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti kọ́ wa ní orin òṣùpá mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkẹta ni a kò tíì mọ̀ dáadáa.