Ohun Tí A Kò Sọ Lórúkọ, Kíkà Rẹ̀ Ṣòro



Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń kọ́ ìmọ̀ nípa kòkòrò tọ̀ mí wá pé kí n bá òun túmọ̀ ìbéèrè tí òun fẹ́ bi àwọn àgbẹ̀. Ó fẹ́ mọ oríṣi ladybird tó wà lóko wọn, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Kòkòrò róbótó ni ladybird, pupa tàbí ìyeyè, tí àmì dúdú sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a dé oko, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn fọ̀: "Kòkòrò ni." Oògùn kan náà ni wọ́n sì ń fín sí gbogbo rẹ̀.

Àdánù ni èyí, nítorí iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Àwọn Cheilomenes ń jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń mu oje ara ẹ̀wà. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n. Àwọn Epilachna, tí irun wẹ́wẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dán, ewé ẹ̀gúsí gan-an ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó ka 100 láìyà wọ́n sọ́tọ̀ kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ló pọ̀ lóko òun tàbí ọ̀tá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye àmì ẹ̀yìn ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ: alámì-méjì, alámì-méje. Nítorí náà, tọmọdé tàgbà lè bá wọn kà á. Àjèjì kan, Harmonia axyridis, dé ibẹ̀ ní 2004. Láti inú àkọsílẹ̀ àwọn ará ìlú ni ìwádìí tó jáde ní 2012 ti fi hàn pé alámì-méjì dín kù ní ìdá 44 nínú 100 láàárín ọdún 5 tí àjèjì náà dé.

Àwọn kan lè sọ pé orúkọ Látìn tó. Ó tó fún onímọ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló di ẹ̀rọ oògùn mú.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èrò mi ni pé kí a pe gbogbo ìdílé náà ní kòkòrò alámì, kí a sì yà wọ́n sí ajekòkòrò àti ajewé. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ìlú kan ti ní orúkọ tó dára ju èyí lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.