Àwọn Ìyá Àgbà Ló Gba Èdè Maori Là

Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, ẹ jẹ́ ká wo New Zealand, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó jìnnà réré sí wa. Ìwádìí tí Richard Benton ṣe ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé àwọn àgbàlagbà ló kù tó ń sọ èdè Maori, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Òyìnbó lọ̀pọ̀ ọmọ wọn ń sọ.

Wọn ò dúró de iléèwé o. Ní 1982, ní Wainuiomata lẹ́bàá Wellington, wọ́n ṣí kōhanga reo àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ìtẹ́ èdè, bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ọmọ tí kò tíì tó iléèwé ni wọ́n ń gbà. Àwọn ìyá àgbà ló ń tọ́jú wọn, Maori nìkan ni wọ́n sì ń bá wọn sọ látàárọ̀ títí wọ́n á fi lọlé: ìbáà ṣe oúnjẹ, ìbáà ṣe eré, ìbáà ṣe ìbáwí. Láàárín ọdún méjìlá, ó ti lé ní 800.

Ibi tó dùn wá nìyí. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gba àbójútó rẹ̀ ní 1990. Nígbà tó yá, owó ìjọba fún ibi tí tíṣà oníwèé-ẹ̀rí wà wá ju ti ibi tí òbí àti ìyá àgbà ń darí lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Waitangi dá ìjọba lẹ́bi ní 2012, ìtẹ́ èdè tó kù kò tó 500 mọ́.

Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ tá a bí sí Kánò ló jẹ́ pé bá a bá fi Yorùbá kí wọn, ẹnu wa ni wọ́n á máa wò. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa sì rèé, ìpàdé oṣooṣù nìkan là ń fi í ṣe. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, títì ló wà, àwọn ìyá àgbà sì jókòó sílé.