Ìwé Adẹ́rùbani Tí Ẹ Fẹ́ràn Jù: Níbo Ni Ẹ Fi Ti Yorùbá Sí?

 Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì mọ̀ pé kò ní í dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ó jẹ mọ́ àkójọ ìwé tí ẹ máa ń ṣe, èyí tí olúkúlùkù fi ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ìwé adẹ́rùbani àti ìwé mérìíyìírí tí òun fẹ́ràn jù nìyí. Mo máa ń béèrè irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Stephen King wà níbẹ̀. Tolkien wà níbẹ̀. J. K. Rowling kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Láti nǹkan bí ọdún mélòó kan, Tomi Adeyemi náà ti wọlé. Nígbà tí a bá wá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a ó rí orúkọ "Fágúnwà", láìsí àkọlé ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kí àgbàlagbà tí kò fẹ́ bá dúró sọ̀rọ̀. Tàbí kí a rí The Forest of a Thousand Daemons, ìyẹn ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní ọdún 1968. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì mọ̀ ọ́n kà, ni ó ń fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì yìí han ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ bá jà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ka King. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1983, Pet Sematary, jẹ́ ìwé tí mo gbà pé ó dẹ́rù bani gidi. N kò sì bá Tolkien jà. Àfi kí a kàn fi ọdún wé ọdún. The Hobbit jáde ní 1937. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Apá kìn-ín-ní ìwé ńlá Tolkien, The Fellowship of the Ring, jáde ní 1954. Ọdún kan náà ni Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n èdè ní Oxford. Èkejì jẹ́ tíṣà, ọmọ Òkè-Igbó, tí a bí ní 1903. Kò sí ẹni tí ó wo ìwé ẹnì kejì kọ. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó kó ẹgbẹ́ akíkanjú jọ, tí wọ́n rán wọn gba inú igbó burúkú kọjá lọ sí orí òkè kan. Tolkien fúnra rẹ̀ sọ pé èdè ni òun kọ́kọ́ ń ṣẹ̀dá, pé ìtàn ni ó tẹ̀lé e. Ní ti Fágúnwà, èdè ti wà nílẹ̀, ó ti dàgbà, ó ti ní orúkọ fún gbogbo ohun tí ń bẹ nínú igbó lóru. Kí ló wá dé tí a fi ń pe ọ̀kan ní baba ìwé mérìíyìírí, tí a sì ń pe èkejì ní ìwé ìdánwò?

Ilé ìwé ni ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó kọ́kọ́ pàdé Fágúnwà nínú kíláàsì, níbi tí olùkọ́ ti ní kí ẹ tọ́ka sí àfiwé tààrà márùn-ún, àwítúnwí mẹ́ta, àti ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa. Ẹ gba máàkì, ẹ pa ìwé dé. Kò sí ẹni tí ó bi yín bóyá ẹ̀rù bà yín. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ. Àkàrà-Oògùn ń sọ ìtàn ara rẹ̀: bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́. Bàbá yìnbọn fún ẹran kan, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì bá nínú ilé, tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí apá kejì jẹ́ ẹranko. Ọmọ ni ó ń sọ èyí nípa ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ bí ọjà ṣe rí lánàá. Bí ó bá jẹ́ pé ará Amẹ́ríkà kan ni ó kọ ọ́, ojú ewé kan náà yẹn ni ẹ̀ bá máa fi ran ara yín lọ́wọ́ sí ọwọ́ títí di òní.

Àwọn kan yóò wí pé ìwàásù Fágúnwà ti pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́. Àwọn ibì kan wà tí àlàyé ìwà rere gùn débi pé ìtàn sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgàgà nínú apá ìparí Ìrìnkèrindò. Ẹ fò ó bí ẹ bá fẹ́. Fágúnwà ti lọ ní 1963, kò ní í bá yín wí. Ṣebí orin àwọn akọni Tolkien náà ni ẹ ń fò?

Ìdí tí mo fi ń bínú sí àkójọ yìí jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìyì orílẹ̀-èdè lọ. Iṣẹ́ mi ni ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé inú èdè ni ẹ̀rù ń gbé. Ẹ wo orúkọ àwọn ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn nínú Yorùbá: iwin, ẹbọra, ọ̀rọ̀, egbére, ànjọ̀nú, sìgìdì, àkúdàáyà. Olúkúlùkù ní ibùgbé rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀. Egbére kúrú, ó gbé ẹní lọ́wọ́, ó ń sunkún kiri. Ẹni tí ó bá gba ẹní náà di olówó, bí ó bá lè fara da ẹkún. Ọ̀rọ̀ ń gbé inú igi. Sìgìdì ni a fi ọwọ́ mọ, tí a sì rán níṣẹ́. Ànjọ̀nú tilẹ̀ jẹ́ àlejò láàárín wọn: láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, síbẹ̀ ó ti rí ilé gbé. Nígbà tí Ṣóyínká fẹ́ túmọ̀ ìwé náà, ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ibùsùn fún wọn. Ó yan àkọtọ́ àtijọ́ náà, daemon, kí òǹkàwé má baà rò pé demon inú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó sì hun ọ̀rọ̀ tuntun, ghommid, fún àwọn tí kò rí orúkọ fún. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ, tí ìyá rẹ fi egbére dẹ́rù bà ọ́ nígbà tí o kọ̀ láti sùn, ń wá lọ́dọ̀ ghommid?

Ẹ tún wo ohùn. Nínú èdè wa, orí róbótó kéré, orí ròbòtò tóbi. Kò sí ohun tí ó yí padà ju ohùn lọ: ohùn òkè fún èyí tí ó kéré, ohùn ìsàlẹ̀ fún èyí tí ó tóbi. Òǹkọ̀wé tí ó bá mọ èyí lò lè mú kí abàmì ẹ̀dá máa dàgbà sí i lójú rẹ láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo, láìsọ pé ó tóbi. Fágúnwà mọ̀ ọ́n lò dé góńgó. Agbákò ní ojú mẹ́rìndínlógún nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, mo gbà. Iye ojú kò dín. Ohun tí ó dín ni ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ro ohun tí àwa onímọ̀ èdè ń pè ní ọ̀rọ̀ èèwọ̀. A kì í pe ejò ní ejò lóru, okùn ni a ń pè é. Ṣànpọ̀nná ni a ń pè ní Olóde tàbí Ilẹ̀gbóná. Àjẹ́ ni a ń pè ní ẹlẹyẹ, tàbí àwọn ìyá wa, tàbí ayé lásán. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tí ń kọ ìtàn adẹ́rùbani. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, bí ènìyàn inú ìtàn bá ti sọ pé "àwọn ìyá wa ti gbọ́", ara rẹ̀ ti bù máṣọ. A kò tíì dárúkọ ohunkóhun. Ẹ túmọ̀ gbólóhùn yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan yóò mira.

Nítorí náà, ìtumọ̀ wúlò fún ọmọ Bàhíà, fún ará Havana, fún ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ Yorùbá nílé. Fún àwọn wọ̀nyí, mo gbé òṣùbà fún Ṣóyínká. Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kọ́.

Ní ti Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ ní 2018, n kò bá ọmọbìnrin náà jà. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ó sì na ọwọ́ padà sílé. Mo kàn fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èdè wa nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jẹun, ni wọ́n fi ń fẹ́ra, ni wọ́n fi ń bínú. Yorùbá jẹ́ èdè idán, tí a ń pè kí iná lè jáde. Fún òǹkàwé ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ṣàjèjì, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Àwa tí a fi èdè kan náà ń ra ata, a kò lè kà á bí wọ́n ṣe ń kà á. Bí a bá wá sọ ìwé yìí di olórí àkójọ wa, àwa fúnra wa ni a ń gbà pé èdè tí a kò sọ mọ́ ni Yorùbá, èdè ọfọ̀ lásán.

Kò sì jẹ́ pé Fágúnwà nìkan ni a ní. J. Ògúnṣínà Ògúndélé kọ Ibú Olókun ní 1956, ó sì kọ Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú Ọ̀run tẹ̀lé e. D. J. Fátànmí kọ Kórimálẹ̀ nínú Igbó Àdìmúlà. Mélòó nínú yín ni ó ti rí wọn? Ẹ̀dà Ibú Olókun tí mo ní jẹ́ fọ́tòkọ́pì tí a ṣe láti ara fọ́tòkọ́pì mìíràn; àmì ohùn ti parẹ́ lórí ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú ewé kan sì ti ṣókùnkùn pátápátá. Mo ti béèrè ìwé náà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn. Ẹnì kan ní kí n ra Harry Potter dípò rẹ̀. Ọlọ́jà kò ṣẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn bá béèrè ni ó ń kó wá, ohun tí wọ́n bá sì rí lórí àkójọ ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Ìdí nìyí tí n kò fi ka àkójọ yín sí eré ọmọdé. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò ní í tún un tẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wà tí wọn kò fẹ́ kí irú ìwé yìí wọ ilé wọn, nítorí pé ó kún fún ẹbọra. Ẹ sọ fún wọn pé Kírísítẹ́nì ni Fágúnwà, pé ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ni ó kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde. Kí wọ́n wá ṣàlàyé fún wa ìdí tí Dracula fi wà lórí pẹpẹ nílé kan náà.

Ohun kan ni ó tún ń dùn mí. Nínú Pet Sematary, ọmọ tí ó kú padà wá, ẹ̀rù ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó padà wá ti yàtọ̀. Àkúdàáyà wa dá ẹ̀rù mìíràn sílẹ̀. Ẹni tí ó kú ní ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó ń ṣòwò, ọmọlúàbí ni. Kò yàtọ̀ rárá. Ọjọ́ tí ará ìlú rẹ̀ àtijọ́ bá yọ sí i ní ọjà, ó di àwátì. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò wá jókòó ti àwọn ọmọ, tí yóò máa wo ojú wọn. Èmi kò mọ ìtàn adẹ́rùbani tí ó tó èyí ní ilẹ̀ Òyìnbó, síbẹ̀ ẹnu ni a fi ń pa á jù, lẹ́yìn ẹnu, fíìmù. Àwọn onífíìmù ti jí ju àwa oníwèé lọ: nígbà tí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde lórí Netflix ní 2022, Yorùbá ni wọ́n sọ nínú rẹ̀, òkú jí dìde nínú rẹ̀, ẹ̀yin kan náà ni ẹ sì jókòó tì í títí ó fi parí. Ẹ kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá fi àkójọ tiyín hàn mí, ẹ kọ àkọlé ìwé, ẹ má kọ "Fágúnwà" lásán. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó mú Igbó Olódùmarè, kí ó sì kà á dé ibi tí Olówó-Ayé ti pàdé Ànjọ̀nú-Ìbẹ̀rù, oníbodè igbó náà. Kí ó kà á sókè, lálẹ́, kí ó pe gbogbo àmì ohùn. Bí ó bá kà á tán, tí ó ṣì jẹ́ pé King ni ó dẹ́rù bà á jù, mo ṣetán láti gbọ́ àlàyé rẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ pé Yorùbá ni yóò fi ṣe é.